Ìkòkò tí Dora Pọ̀n Lọ sí Iyansan

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Dora.

Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi ní Òde-Ayé. Oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan ló wà láàárín wa. Pupuru ló ń ṣe tà. Ó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, ó ń fún un, ó ń mọ ọ́n róbótó, ó ń tò ó sórí àjà lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, imú rẹ á ti mọ̀ kí ojú rẹ tó rí i.

Philemon ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀pẹ ló máa ń gùn, ẹyìn ló máa ń gé. Nígbà tó ṣì lágbára, bó bá rí oyin nínú ihò igi, iná ló máa ń tì bọ̀ ọ́. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. O dáná sun wọ́n, o kó afárá, o bá tìrẹ lọ. Lọ́dún kejì o wá igi mìíràn. Nígbà tó yá, kò sí igi mìíràn mọ́. Philemon ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó gé ìtì ọ̀pẹ kan tí inú rẹ̀ ti jẹrà, ó ha inú rẹ̀ mọ́, ó dí i lórí àti nídìí, ó lu ihò kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e sórí ẹ̀ka igi obì lẹ́yìnkùlé. Oyin wá wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà kò fi iná kan oyin mọ́. Bó bá fẹ́ gé afárá, á gé díẹ̀, á fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe é.

Dora náà ń tọ́jú wọn. Ó máa ń bu omi sínú àwo, á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí oyin tó bá wá mumi lè rí ibi dúró sí, kí ó má kú sómi. Ibì kan wà nínú oko rẹ̀ tí kì í ro, nítorí òdòdó igbó tó ń tan níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oyin náà ṣe rí. Dora kì í gbé e kaná. Àwọn kan tó ń tà á létí títì ń sè é, wọ́n ń fi ṣúgà lú u. Ti Dora, bó ṣe jáde nínú afárá ló ṣe wọ ìgò. Ó dúdú díẹ̀. Bó bá dùn tán, á ta ọ́ lọ́fun díẹ̀. O lè rí ìyẹ́ oyin kan nínú rẹ̀. Mú un kúrò, kí o máa lá a lọ. Bó bá jẹ́ afárá lo rí gbà, fi sẹ́nu, jẹ ẹ́ títí yóò fi ku ìda nìkan, kí o tu ìda náà dànù. Mo ti ń jẹun láyé yìí ó pẹ́. N kò tíì jẹ èyí tó jù ú lọ. Ọmọ tí a bá sọ lórúkọ ní ìjọ wa, oyin inú ìtì Philemon la fi ń kàn án lẹ́nu.

Àdá Philemon ti dípẹtà. Ajá rẹ̀ ti kú. Bí o bá yọ Juliet ọmọ wọn kúrò, tó wà nílé ọkọ ní Iyansan, kò sí nǹkan Philemon mìíràn tó ṣì ń mí àfi oyin yẹn. Láràárọ̀ ni Dora máa ń lọ fi etí lé ìtì náà.

“Wọ́n ti jí,” á wí. Á wá lọ dáná.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn ọyẹ́, oyin náà dín kù. Èyí tó ń jáde kò tó nǹkan. Dora bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ.

Ìjọ Aládùúrà ni ìjọ wa. Sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, àbẹ́là, lọ́fínńdà. Joy ni aríran wa. Ọmọdébìnrin ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà dáadáa. Ó gbàdúrà fún oyin Dora lọ́jọ́ Wẹ́sídé. Nígbà tó parí, ó ní:

“Màmá, ẹ ti wọ́n ibẹ̀ ní lọ́fínńdà?”

“Rárá o.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò ṣe wí? Ẹ lọ wọ́n ọn, kí ibẹ̀ di mímọ́. Wọn ò ní lọ mọ́.”

Kò sẹ́ni tó rò ó lọ́nà mìíràn. Ní ìjọ wa, bí ọkọ̀ tuntun bá dé, lọ́fínńdà. Bí aboyún bá fẹ́ bí, lọ́fínńdà. Bí ọmọ bá ń lọ ṣe ìdánwò, a ó wọ́n ọn sí i lórí. Oyin wá ńkọ́? Gbogbo wa ní àmín.

Dora ra ìgò tó dára. Ó da gbogbo rẹ̀ sára ìtì, ó tún ro díẹ̀ sínú ihò.

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe kàn tán, mo gbọ́ ariwo bíi ti òjò tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Mo jáde. Oyin ń tú jáde nínú ìtì bí èéfín ṣe ń tú jáde nílé ìdáná. Wọ́n dì mọ́ ẹ̀ka obì fúngbà díẹ̀, wọ́n gbéra, ó di ojú ọ̀nà. Dora ń sáré tẹ̀lé wọn láìwé gèlè.

“Dora, kí ló dé?”

“Wọ́n ń lọ, Bàbá! Wọ́n ń lọ!”

Wọ́n kọjá ilé gbogbo èèyàn. Ilé ìjọ wa ni wọ́n wọ̀. Ihò kan wà níbi tí sílìn ti pàdé ògiri, lókè pẹpẹ gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé tán.

Lọ́jọ́ ìsinmi, a ń gbọ́ wọn lókè bí a ṣe ń kọrin. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ ìjọ tuntun ti dé, wọ́n sì mọ orin ju àwa àtijọ́ lọ. Inú Joy dùn.

“Màmá, ẹ ò rí i? Àdúrà gbà!”

“Ilé mi ni mo ní kí wọ́n dúró sí,” Dora dá a lóhùn. “Mi ò ní kí wọ́n wá ṣe aláàgbà.”

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìyàsímímọ́ tó, Joy mú lọ́fínńdà, ó wọ́n ọn sí pẹpẹ bó ṣe máa ń ṣe. Oyin dà sílẹ̀. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀. A sáré. Àwọn akọrin gba ojú fèrèsé jáde. Ẹnì kan bọ́ sódò ẹ̀yìn ilé ìjọ tòun ti sùtánà. Oyin ta Joy lójú, ó ta mí lọ́rùn. Ó ta olórí ìjọ wa, Bàbá Olúyọmí, lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ètè òkè rẹ̀ ti wú bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ pé jọ sábẹ́ igi níta. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ìkórè wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ ni. Aláàgbà kan ní kí a da pẹtiróòlù sókè, kí a ṣáná sí i.

“Sínú ilé ìjọ?” Bàbá Olúyọmí bi í. Ọ̀rọ̀ ń ṣòro fún un pẹ̀lú ètè yẹn. “Kí a wá ṣe ìkórè nínú eérú?”

Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé kí Lucas, tó ń fín oògùn sí oko kòkó, wá fín in sí wọn. Dora kúnlẹ̀.

“Ẹ má pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn.”

“Ìyá Juliet, oyin yín ta mí lẹ́nu. Ẹnu tí mo fi ń wàásù.”

“Ẹ dárí jì wọ́n, Bàbá. Wọn ò mọ ẹni tí ẹ jẹ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Olúyọmí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ kò jẹ́. Ó ní kó dìde. Ó ní bó bá di òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, Lucas á wọlé. Òun ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Dora wá dúró létí ọgbà mi. Kò jókòó.

“Bàbá, ẹ rántí pé Philemon kì í fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ tó bá fẹ́ lọ sídìí oyin?”

“Mo rántí pé ẹ máa ń jà lórí ẹ̀.”

“Ọ̀bùn ni mo máa ń pè é. Á wẹ̀ ní omi lásán. Á lọ dúró nínú èéfín pupuru mi, á ní òun ń yáná. Inú á bí mi. Mo ní ṣé ẹran gbígbẹ ni.”

“Kò sọ ìdí ẹ̀ fún ọ?”

“Mi ò bi í.”

Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo fún un ní iṣu sísun kan. Mo ní kó fi oyin jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé ìgò kan ṣì kù nílé rẹ̀.

“Mi ò tíì fẹnu kàn án látọjọ́ tí wọ́n ti lọ,” ó wí. “Báwo ni mo ṣe máa jẹ oúnjẹ ẹni tí kò ní ilé?”

Ó mú iṣu náà lásán, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí aṣọ funfun tó fì sókè iná pupuru. Sùtánà rẹ̀ ni. Èyí tuntun, tó ti sọ fún Juliet pé kí wọ́n fi sin òun. Kò fi èyí tó ti gbó síbẹ̀, nítorí ìyẹn ti ya lápá, oyin á gba ibẹ̀ wọlé. Ó fi í sílẹ̀ nínú èéfín títí tó fi pọ́n bí omi tíì.

Ó gbé e lọ fi han olórí ìjọ kó má baà dà bí ẹni pé ó fi ohun mímọ́ ṣeré. Èmi ni mo bá a lọ. Bàbá Olúyọmí wo aṣọ náà. Ó gbé e sí imú.

“Ó ń rùn bíi pupuru.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n mọ òórùn yẹn. Lọ́fínńdà ni wọn ò fẹ́. Èmi ni mo fi lé wọn kúrò nílé.”

Mo rò pé ó fẹ́ bínú. Ó wọ yàrá lọ, ó mú sùtánà tirẹ̀ jáde.

“Fi èyí náà sórí iná,” ó wí. “Ta ló máa bá ọ di àkàbà mú?”

Ìtì Philemon kò ṣeé lò mọ́. Dora ti fi eérú fọ̀ ọ́, ó ti sá a sóòrùn, lọ́fínńdà ṣì ń jáde. Ó wá mú ìkòkò amọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi nígbà tí kò tíì sí dúrọ́ọ̀mù. Ó gé pákó pẹlẹbẹ tó bá ẹnu rẹ̀ mu, ó lu ihò kan sí i. Ó fi ìda àtijọ́ ra inú rẹ̀.

Ọ̀sán Fúráìdé ni wọ́n ṣe é, nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. A dúró níta. Dora wọ sùtánà pupa yẹn, ó fi àwọ̀n bojú. Bàbá Olúyọmí náà wọ tirẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí ilé ìjọ ni. Joy tí ojú rẹ̀ kan kò tíì là dáadáa ló gbé àwo tùràrí. Háhá ẹyìn ni Dora ní kó kó sínú rẹ̀, kò fi tùràrí sí i. Ó ń fẹ́ èéfín náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Bóyá àdúrà ló ń gbà.

Dora gun àkàbà, ó ṣí pákó sílìn kan. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n rọ̀ síbẹ̀ bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n ń rìn lórí ara wọn. Afárá tí wọ́n ti ṣe kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gé e, ó fi ìko so ó mọ́ abẹ́ pákó. Ó wá ń fi ọwọ́ bu oyin sínú ìkòkò. Ọwọ́ lásán. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ta á lọ́wọ́, mo rí i pé apá rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Kò dáwọ́ dúró.

“Ṣé o rí ìyá wọn?” Bàbá Olúyọmí ń bi í láti ìsàlẹ̀.

“Mi ò rí i.”

Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Oyin ní ìyá kan. Bí ìyá bá wọ ìkòkò, àwọn ọmọ á wọ̀ ọ́. Bí kò bá wọ̀ ọ́, wọ́n á padà sókè, Lucas á sì dé láàárọ̀.

Wọ́n gbé ìkòkò náà ka orí pẹpẹ, wọ́n da pákó bò ó. Gbogbo wa ń wò ó. Kò pẹ́, àwọn oyin díẹ̀ jáde sí ẹnu ihò, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n ń fẹ́ ìyẹ́. Dora jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

“Wọ́n ń pe àwọn yòókù,” ó wí. “Ó wà nínú ibẹ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, èyí tó kù lókè kò ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Dora fi aṣọ àwọ̀n di ihò náà. Aláàgbà kan ní kó gbé e lọ sídìí igi obì rẹ̀, kí gbogbo wa lọ sùn.

“Ilé mi sún mọ́ ibí jù,” Dora wí. “Lọ́la wọ́n á padà síbi tí wọ́n mọ̀. Philemon gbìyànjú ẹ̀ rí. Àfi kí n gbé wọn jìnnà.”

“Jìnnà dé ibo?”

“Iyansan. Ọ̀dọ̀ Juliet.”

Mo wò ó. Ohun tó fi ń jí láràárọ̀, ó fẹ́ lọ gbé e sílẹ̀ síbi tí kò ní í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti fa ọ̀já yọ. Joy bá a gbé ìkòkò náà sẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó so ó pinpin bí ọmọ. Ó fi aṣọ bò ó.

Jùwọ́nlọ́lá ọlọ́kadà ló gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi.

Ó ní òun bi í pé, “Màmá, ọmọ ta lẹ pọ̀n nírọ̀lẹ́ yìí?”

“Ọmọ Philemon.”

“Bàbá tó ti kú?”

“Òun náà. Ṣé o ń lọ àbí o ò lọ?”

Ó ń lọ. Wọ́n já sí kòtò kan, ó gbọ́ nǹkan lẹ́yìn.

“Màmá, ọmọ yín ń kùn.”

“O jí i ni. Rọra wà á.”

Ó rọra wà á. Ó tún fetí sílẹ̀. Ó wá rántí ohun tí gbogbo ìlú mọ Philemon mọ́.

“Màmá.”

“Hùn.”

“Ṣé oyin ni?”

“Oyin ni.”

“Jésù!”

“Má pè é kí o dúró. Pè é kí o máa lọ.”

Jùwọ́nlọ́lá ní kò sí kòtò kan láti Òde-Ayé dé Iyansan tí òun kò mọ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ó ní òun kò tíì wa ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́ rí, kódà nígbà tí òun gbé ìyàwó òun lọ bímọ.

Juliet kò fẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ó ti sọ lórí fóònù pé kí ìyá òun jẹ́ kí wọ́n fín wọn, kí òun ra oyin fún un ní Òkìtìpupa. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìyá rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wú, tí sùtánà ìsìnkú rẹ̀ ti pọ́n, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjèèjì gbé ìkòkò náà lọ sí ìdí igi obì kan lẹ́yìn oko Juliet, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fín oògùn sí, wọ́n gbé e dùbúlẹ̀ lórí àpólà igi mẹ́ta. Dora yọ aṣọ àwọ̀n kúrò lẹ́nu ihò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dora gbé àpótí lọ síbẹ̀, ó jókòó. Oyin jáde. Wọ́n yí ìkòkò náà po, wọ́n yí igi po, wọ́n ga, wọ́n lọ. Ihò náà dákẹ́. Juliet gbé ẹ̀kọ wá, ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹ́.

“Màmá, wọ́n ti lọ?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ wọlé, oòrùn ti ń mú.”

“Máa lọ. Mò ń bọ̀.”

Kò lọ. Oòrùn ti dé àtàrí kí ẹyọ kan tó padà. Ó bà sórí pákó. Ìyẹ̀fun òdòdó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó pọ́n bí epo pupa tó dì. Ó wọlé. Òmíràn dé. Lẹ́yìn náà wọn kò ṣeé kà mọ́.

Dora fi etí lé ìkòkò náà. Juliet ní ó pẹ́ kó tó gbé orí kúrò.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Bàbá Olúyọmí ṣe ìkórè nínú sùtánà pupa. Ó ní kò tíì rí àyè fọ̀ ọ́. Igi obì ẹ̀yìnkùlé Dora ṣì wà níbẹ̀, ìtì òfìfo ṣì wà lórí rẹ̀. Láràárọ̀ mo ṣì ń rí i tó ń lọ síbẹ̀, á fọwọ́ kàn án, á wá lọ dáná. Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, ó máa ń lọ sí Iyansan. Jùwọ́nlọ́lá ló ń gbé e. Kó tó gbé e, ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó pọ̀n nǹkan.

Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ni mò ń sọ. Nígbà tó di alẹ́, Juliet ro pupuru, ó gbé ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja àrọ̀ kan wá. Dora jẹ ẹ́ tán. Ó wá mú ìgò tó kù nílé, èyí tó ti gbé sínú àpò rẹ̀ láti Òde-Ayé, ó sọ pé kí wọ́n bu pupuru gbígbóná díẹ̀ sí i. Ó da oyin lé e, ó fi ọwọ́ tó wú yẹn jẹ ẹ́.